Ìlà Tó Fẹ̀ Jù

Mò ń dúró kí wọ́n yẹ ojú mi wò ní ilé ìwòsàn ojú kan ní Sùúrùlérè nígbà tí tọkọtaya kan jáde lọ́dọ̀ dókítà, tí wọ́n wá jókòó tì mí. Ìyàwó gbé kọ̀ǹpútà lé itan.

"Dádì, dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe ojú yín. Ó yá, ẹ ka ohun tí mo kọ nípa ọmọ wa sórí búlọ́ọ̀gì."

"Ìlà ẹ̀ fẹ̀ jù. Tí mo bá ka ọ̀kan tán, mi ò mọ ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dín in kù nítorí yín. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ló wà lórí ìlà kan báyìí."

Ọkọ gbójú kúrò.

"Mọ́mì, kódà kó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lórí ìlà, orúkọ ọmọ wa náà ni màá bá níbẹ̀."

"Èmi nìkan ni mò ń dárúkọ ẹ̀ látìgbà tá a ti sin ín. Ṣé èmi nìkan ni mo bí i ni?"

Ọkùnrin náà dìde, ó lọ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó kẹ̀yìn sí wa.