Ìyá Tó So Ọmọ Mọ́ Òpó

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí agbo ilé wa yìí ṣì jẹ́ ahéré mélòó kan lẹ́bàá kòtò amọ̀, Àwẹ̀ró ni ìyá tó tẹ̀ ẹ́ dó. Amọ̀kòkò ni. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, obìnrin náà ń tẹ ilé dó.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Àkànjí. Èèwọ̀ sì ni kí wọ́n pọn ọmọ lọ sí kòtò amọ̀, nítorí etí kòtò a máa ya lulẹ̀. Ìyá Adúntán, arúgbó tó múlé tì í, ní, “Àwẹ̀ró, máa gbé ọmọ yìí fún mi. Ọwọ́ mi dilẹ̀.”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó sì kọ̀. “Ẹ ṣeun, ìyá. Wọn ò ní sọ pé mo bímọ sílẹ̀ fún aládùúgbò wò.”

Ìgbéraga ni, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó fi ọ̀já so ọmọ mọ́ òpó ilé, ó gbé omi àti ẹ̀kọ síwájú rẹ̀, ó lọ. Ó lọ lónìí, ó lọ lọ́la, ó lọ títí ó fi mọ́ ọn lára. Ọmọ yó, ọmọ ò ṣèṣe. Ṣùgbọ́n ta ní ń bá a sọ̀rọ̀? Ewúrẹ́ nìkan ló ń bá a jókòó.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pe ìyá wọn, Àkànjí ò fọhùn. Lọ́jọ́ kan Àwẹ̀ró ti kòtò dé, ó ní, “Àkànjí tèmi, kí ìyá ẹ.” Ọmọ wò ó, ó sì ké bí ewúrẹ́. Amọ̀ já bọ́ lórí Àwẹ̀ró. Ó sunkún, ó ní, “Ikùn ẹ nìkan ni mo bọ́.”

Gbogbo òtòkùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe.

Ó tọ Ìyá Adúntán lọ, ó kúnlẹ̀. Arúgbó ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, “Gbé e wá, ká gbìyànjú.” Àwọn méjèèjì pe gbogbo amọ̀kòkò jọ. Wọ́n fẹnu kò pé kí obìnrin kan máa dúró ti gbogbo ọmọ lójoojúmọ́, kó máa kọrin fún wọn, kó máa kì wọ́n; kí àwọn tó lọ sí kòtò máa bu amọ̀ tirẹ̀ bọ̀. Ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó.

Ọmọ àwọn yòókù yanjú. Àkànjí ńkọ́? Ó kọ́ “omi”, ó kọ́ “wá”. Ó wù mí kí n sọ pé ó padà pe “ìyá”. Kò pè é. Ó ti pẹ́ jù. Nígbà tí Àwẹ̀ró ń kú lọ, àwọn ọmọ ọlọ́mọ yí i ká, wọ́n ń ké pè é ní ìyá. Àkànjí ní tirẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwẹ̀ró wò ó títí, ó ní, “Ọmọdé ni kí ẹ kọ́kọ́ máa kí.”

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá wọ agbo ilé wa, ọmọ ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ kí lórúkọ, kó tó dọ̀bálẹ̀ fún àgbà. Ará ìta ní a ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.

Ìwọ Ọlátẹ́jú, èmi lo kọ́kọ́ kí nígbà tí o wọlé. Dìde. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ wà lórí ẹní níbẹ̀ yẹn. Lọ kí i, kí o sì dúró títí yóò fi dá ọ lóhùn.