Bàbá Tí Ọkọ̀ Ojú Irin Ń Dúró Dè

Láti ọjọ́ tí iná ti jó ilé wa ní Abúlé Àdó, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń jókòó sí nínú ọkọ̀ yòówù. Ibẹ̀ ni mo wà nínú ọkọ̀ ojú irin ní Mile 2, tí mo gbọ́ màmá kan àti ọmọbìnrin tó ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò.

"Ẹ pa éésì, ẹ dín ọkọ̀ kù, ẹ tún ń pẹ́. Ṣé ẹ ti fẹ́ kógbá sílé ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Owó ò wọlé fún ilé iṣẹ́ wa mọ́."

"Kí ló wá kù tí ẹ máa gé? Àga?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Bàbá tó ń yẹ bíréèkì wò ni wọ́n fẹ́ lé. Àwa òṣìṣẹ́ la bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kúkú pa éésì. Ó ku òun nìkan, ìdí tá a fi ń pẹ́ nìyẹn. Tí kò bá tíì yẹ ọkọ̀ wò tán, a ò ní gbéra."

Màmá yọ abẹ̀bẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. "Ẹ jẹ́ kó fara balẹ̀ o, ọmọ mi. Ooru ò kọjá abẹ̀bẹ̀."

Mo tún un sọ sínú. Èmi ti rí ooru tó kọjá abẹ̀bẹ̀.

Nígbà tí mo rí bàbá náà níta, tó ń nu ọwọ́, mo dìde lẹ́nu ọ̀nà, mo lọ jókòó láàárín.