Ẹyọ Owó Fàdákà Kan fún Ìbejì

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni mí ní ọjọ́ tí mo pa Làmídì. Ó ti di ọdún méjì báyìí. Adájọ́ ti ní kí wọ́n so mí kọ́ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́ lára mi, wọn kò sì gba ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ. Wọ́dà tó ń ṣọ́ wa ló fún mi ní ìwé àti bíró. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní Ìgbó-Ọrà kí n tó fẹ̀yìn tì. N óò to ọ̀rọ̀ yìí bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Dókítà kan wá láti ilẹ̀ Húngárì, ó ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílùú wa. Òun ló gbẹ̀bí Ìyá Ìbejì, obìnrin kan tó ń gbé ní abúlé lọ́nà Ìdèrè. Nígbà tó ń lọ sílé, ó fún àwọn ọmọ náà ní owó fàdákà kan. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń ná lọ́jà. Ìjọba wọn ṣe é láti fi rántí akọni wọn kan, akéwì tó lọ sójú ogun, tí wọn kò rí òkú rẹ̀ títí dòní. Orí ọkùnrin náà ló wà lára rẹ̀, ó ranjú sílẹ̀.

Ìyá Ìbejì fi aṣọ wé e wá bá mi.

"Tíṣà, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Ẹyọ kan ṣoṣo ni. N ò lè fún Táyé kí n fi Kẹ́hìndé sílẹ̀, n ò sì lè gbé e sílé kí wọ́n máa wò ó. Dókítà ní òun á fi èkejì ránṣẹ́."

"Ṣé ẹ̀rù ń bà ọ́ ni?"

"Ẹ̀yin náà kẹ̀, ẹ ò mọ ìbejì? Èyí tí wọn ò bá fún, á bínú lọ."

Mo rẹ́rìn-ín, mo gbà á, mo sì fi í sínú agolo tí mo ń kó ṣọ́ọ̀kì sí.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, mo ti ń yọ ọ́ wò lójoojúmọ́. Ó wúwo, ó sì tutù, kódà nínú oòrùn. Bí mo bá gbé e sápá òsì, ojú ọkùnrin náà á tẹ̀lé mi. Bí mo bá gbé e sápá ọ̀tún, bákan náà. Ní ọjọ́ kan mo gbọ́ tí mo ń bi í pé, "Kí lo ń wò?"

Ọdún tí wọ́n ń pààrọ̀ pọ́n-ùn àti ṣílè sí náírà nìyẹn, gbogbo ènìyàn ló ń yẹ owó wò. Ọ̀gá ilé-ìwé tó rọ́pò mi rí i lọ́wọ́ mi.

"Bàbá Fúnmi, àwọn Òyìnbó ti fi àmì ẹ̀yẹ ránṣẹ́ sí yín? Ó tọ́ sí yín o."

N kò dáhùn. Ẹ fi ìka sí ibẹ̀ yẹn, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹlòmíràn bi mí lọ́jọ́ kejì, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìjọba Húngárì ló fi dá mi lọ́lá. Kò sẹ́ni tó lè ka ohun tí wọ́n kọ sí i. Èmi náà kò lè kà á, ṣùgbọ́n mo kà á fún wọn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tí mo kọ́ níwèé ti mú Sátidé kan tí wọn yóò fi orúkọ mi sọ kíláàsì tuntun.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn ni mo pàdé Làmídì. Òun ló ń pín oògùn nílé ìwòsàn tí dókítà náà ti ṣiṣẹ́, mo sì ti kọ́ ọ rí ní kíláàsì kẹta. Orí àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ìlú ni, níbi tí àwọn obìnrin ń sá láfún sí. Ọ̀sán gangan ni. Wọ́n ti sá láfún wọn, wọ́n sì ti lọ. Ẹyẹ kankan kò ké. Mo wo ẹsẹ̀ mi, n kò rí òjìji mi.

"Tíṣà, ẹ̀yin gan-an ni mò ń wá," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dókítà ti fi èkejì ránṣẹ́, tòun ti lẹ́tà. Ó ní ẹnikẹ́ni nílùú àwọn ló lè rà á. Ṣé owó ìbejì lẹ wá fi ń jẹ ọlọ́lá káàkiri?"

"Làmídì, dákun, jẹ́ kí Sátidé kọjá."

"Kó kọjá kẹ̀? Ẹgba mẹ́fà lẹ nà mí nítorí irọ́ nígbà yẹn. Mélòó la ó wá na ẹ̀yin?" Ohùn rẹ̀ wá rọ̀. "Ẹ fúnra yín sọ fún wọn lọ́la. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ èmi ni màá sọ ọ́, Bàbá."

Ó yí ẹ̀yìn sí mi láti sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í.

Mo gba ẹ̀gbẹ́ àpáta lọ bá a nísàlẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ibi yòówù tí mo bá dúró sí, ibẹ̀ ló ń wò. Mo tú àpò rẹ̀ láti mú owó kejì kúrò. Tẹ̀sùbáà àti lẹ́tà nìkan ni mo bá.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Ìbejì jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, tí wọn kò tíì pé ọdún mẹ́ta. Owó kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Làmídì ti yà lọ́dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀.

"Tíṣà, èkejì ti dé. Ẹ mú tọwọ́ yín wá kí n fún wọn pọ̀." Ó wo ilẹ̀. "Kí ló ṣe bàtà yín tó funfun báyìí?"

Mo ti tẹ láfún tútù kọjá láìmọ̀. Ipa bàtà funfun tò tẹ̀lé ara wọn láti ọ̀nà àpáta wá títí dé ibi tí mo dúró. Kẹ́hìndé ń wo ẹ̀yìn mi, ó ń juwọ́.

"Ta lò ń juwọ́ sí?" ìyá rẹ̀ bi í.

"Bùọ̀dá oògùn."

Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan lójú ọ̀nà.

Mo mú owó náà fún un. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn obìnrin tó lọ kó láfún rí òkú, wọ́n sì tẹ̀lé ipa bàtà náà dé ilé mi. N kò jiyàn.

Ìyàwó Làmídì wá sí kóòtù lójoojúmọ́. Kò bú mi rí. Lọ́jọ́ ìdájọ́ ó súnmọ́ mi, ó ní, "Tíṣà, kí ló sọ kẹ́yìn?"

Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní, "Ó pè mí ní Bàbá."

Àwọn tó ń wá kí mi ní iṣẹ́ èṣù ni. Rárá o, ẹ jẹ́ ká pe ohun gbogbo ní orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, n kò ní kí ẹ má fẹ́ ìyìn. Ìyìn ni mo fi tọ́ ọmọ púpọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá yìn yín fún ohun tí ẹ kò ṣe, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún un kí ó tó kúrò níwájú yín. Ìtìjú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo sá fún ìṣẹ́jú kan yẹn. Ẹ wo ibi tí mo sá dé, kí ẹ sì fi mí kọ́gbọ́n.