Táyà Tó Jẹ ní Ẹ̀gbẹ́ Kan

Màmá, ẹ má ní kí n gbé e jáde o! Mo mọ̀ pé táyà kì í ṣe àlejò pálọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti dá mi lẹ́bi ni kó ti wá jẹ́rìí. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tí Bàbá fi sílẹ̀ lọ́wọ́ mi, torí pé ẹ̀gbọ́n mi, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Adájọ́, jókòó sórí àga yẹn, ó ní eré àsápajúdé ni mo fi jẹ táyà run. Èmi! Èmi tí mò ń fi ọkọ̀ náà gbé búrẹ́dì kiri ṣọ́ọ̀bù láràárọ̀, tí búrẹ́dì kan ò tẹ̀ rí! Kí ni kí n máa fi gbé e lọ́la, orí?

Ẹ fọwọ́ kàn án. Kò ní bù yín jẹ, eyín rẹ̀ ti tán. Ẹ̀gbẹ́ inú nìyí, ó dán bí orí apárí. Ẹ̀gbẹ́ òde ńkọ́? Ó ṣì jìn, ìka yín ń há síbẹ̀. Tó bá jẹ́ eré ní kọ́nà ló jẹ ẹ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ òde ni ì bá kọ́kọ́ lọ? Adájọ́ tún ní mi ò kì í wo afẹ́fẹ́ táyà. Háà! Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀ jù, àárín ló ń jẹ. Bó bá kéré jù, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo yìí, Ọlọ́run ń gbọ́, ẹsẹ̀ ọkọ̀ ló wọ́! Bí ẹni tí bàtà rẹ̀ ń jẹ ní gìgísẹ̀ kan torí bó ṣe ń rìn. Ẹ fi sítíárì sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, ọkọ̀ á yà bí ewúrẹ́ tó rí ewé tútù. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í sì í ṣàdédé wọ́ o. Ẹnìkan ló gbé e kọlu nǹkan, tó wá panu mọ́!

Mo dẹ̀ ti mọ ibẹ̀. Ẹ wo etí irin rẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé! Ta ló kun etí gọ́tà rẹ̀ láwọ̀ ewé ní gbogbo àdúgbò yìí, bí kì í bá ṣe ìyá aránṣọ, ọ̀rẹ́ yín? Inú mi dùn, mo ní mo ti mú Adájọ́! Àmọ́ Adájọ́ kì í gba iwájú ilé yẹn, torí ìgbà tó máa gbéyàwó ni wọ́n máa ń bi í. Èmi náà, látọjọ́ tí wọ́n ti ba búláòsì mi jẹ́, mi ò débẹ̀ mọ́. Ta ló wá kù nínú ilé yìí tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́...

Màmá.

Màmá, ẹ gbójú sókè. Kí lẹ ń fi ìborùn bo ẹnu sí? Ẹ̀yin? Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹsẹ̀ lẹ fi rìn lọ síbẹ̀! Ta ló kọ́ yín ní ọkọ̀ wíwà? Kò sẹ́nìkan? Ẹ kàn ń wo ọwọ́ mi? Yéè! Ẹ sì jókòó, ẹ ń mi orí sí ẹjọ́ tí Adájọ́ ń dá!

Ẹ dákẹ́ ẹ̀rín jàre, ẹ̀gbẹ́ ti ń dùn mí. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ẹ jẹ́ ká lọ bá mẹkáníìkì, kó bá wa to ẹsẹ̀ ọkọ̀ kó dọ́gba. Tó bá di lọ́la, ẹ̀yin lẹ máa wà á, èmi á jókòó tì yín. Adájọ́? Ẹ̀yìn ni kó wà, kó gbé búrẹ́dì gbóná lé itan!