Gíá Ìjàpá tí Mo Fi Ọwọ́ Mi Fọ̀

Nígbà tí eegun mi ṣì le, tí mo lè ru ẹrù láti Ayétòrò dé Ìgbógìlà láìsọ̀… ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ, mo ní mọ́tò. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ràfíátù, gbé fóònù yẹn sún mọ́ ẹnu mi dáadáa, kó gbọ́ ọ. Mo ní mọ́tò. Ìjàpá ni, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń wà lẹ́yìn. Ẹ̀yin ń wò ó lórí fóònù báyìí, ẹ ní ohun àtijọ́ ni, ẹ ní ó rẹwà. Kò rẹwà lójú tèmi.

Bàbá yín àgbà ló fi ń kérò lọ sí ọjà Ìjòún. Ọ̀nà yẹn nígbà náà? Kòtò lórí kòtò. Gíá kejì bẹ̀rẹ̀ sí í fò jáde. Ọkọ mi á fi orúnkún tì í, á máa wa mọ́tò lọ. Títí gíábọ́ọ̀sì fi dún gbàmù lọ́jọ́ kan, tí eyín irin inú rẹ̀ kán. A wọ́ mọ́tò wálé. Kò pẹ́ sí i, ibà pa ọkọ mi. Ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún mi. Bàbá yín ló kéré jù, mo ṣì ń pọ̀n ọ́n.

Lọ́jọ́ àdúrà ogójì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olórí ẹbí, tó ń gbé ní Ìgbógìlà, sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ó ní, "Ìyàwó, irin tó wà lẹ́yìnkùlé yẹn, bí o bá lè tún un ṣe, máa lò ó. Fi tọ́ àwọn ọmọ." Gbogbo wọn ní àmín. Èmi náà ní àmín, òmùgọ̀ bíi tèmi.

Mo ta gààrí, mo ta aṣọ. Mo lọ sí Ifọ̀nyìntẹ̀dó, mo sọdá ẹnubodè sọ́dọ̀ àwọn ẹbí màmá mi lápá ọ̀hún, àwọn tó ń fi Faransé bú ara wọn. Wọ́n bá mi wá Ìjàpá kan tí iwájú rẹ̀ ti fọ́, tí gíábọ́ọ̀sì rẹ̀ ṣì wà. Mẹkáníìkì wa ní òun ó tú méjèèjì palẹ̀, òun ó ṣa èyí tó dáa nínú wọn, òun ó fi ṣe ẹyọ kan.

Láyé ìgbà yẹn, ẹ gbọ́, ẹni tó ni mọ́tò kì í fi í sílẹ̀ fún mẹkáníìkì kó lọ sílé. Rárá o! O máa jókòó tì í ni, kí wọ́n má baà yọ èyí tó dáa, kí wọ́n fi jákujàku rọ́pò. Mo jókòó. Mo pọn bàbá yín, mo ń fi kẹrosíìnì fọ irin lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń tò ó sórí ẹní bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́. Bí ọ̀gá bá na ọwọ́, mo ti mọ èyí tó kàn. Èékánná mi dúdú, ọbẹ̀ mi ń rùn kẹrosíìnì, àwọn ọmọ kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dì í padà, gíá kejì wọlé wẹ́rẹ́. Kò fò mọ́. Mo jó nínú ẹrẹ̀!

Kí ló wá kàn? Bí wọ́n ṣe tọ́ wa ni. A kì í lo ohun tuntun láìgbé e dé iwájú olórí ẹbí kó ṣàdúrà sí i. N kò mọ mọ́tò wà, mo bẹ dírẹ́bà kan, ó fi mọ́tò náà gbé mi lọ sí Ìgbógìlà. Àdúrà náà gùn. Ó ní mọ́tò kò ní pa wá, kò ní fi wá ṣòfò. Àmín, àmín. Ó wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, ó fi sápò.

Mo ní, "Bàbá, kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

Ó ní, "Aya kì í jogún ọkọ. Ìwọ gan-an, ara ogún ni ọ́. Bí o bá fẹ́ máa gun mọ́tò, fẹ́ àbúrò mi."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n tún un ṣe."

"O sì tún un ṣe. O ṣeun."

O ṣeun! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀. Mo fẹsẹ̀ rìn padà sílé pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. N kò fẹ́ àbúrò rẹ̀. Àlùfáà ní ìpín aya wà nínú Kùránì, ẹbí ọkọ mi ní ìyẹn kì í ṣe àṣà ilé àwọn. Ọdọọdún ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń fi Ìjàpá yẹn kọjá lára mi lọ́nà ọjà, tèmi tẹrù lórí. Á tún tẹ fèrè kí mi… Ṣé mo dárí jì í? Mo gbìyànjú. Irọ́ ni, n kò gbìyànjú.

Nígbà tó kú, mo lọ sílé rẹ̀ ní Ìgbógìlà. Mo rí mọ́tò náà lábẹ́ igi máńgòrò, táyà ti jẹrà, adìẹ ti yé sórí àga ẹ̀yìn. Mo wọlé, mo jókòó. Mo di gíá mú, mo tì í sí kejì. Ó wọlé! Lẹ́yìn gbogbo ọdún yẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sáré wá. Ọmọ dáadáa ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sílẹ̀. Àwọn tó fẹ́ rà á ń bọ̀ láti Èkó. Mọ́tò bàbá wa ni."

Mo bọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ní ayé ti là, obìnrin ti ń wakọ̀, obìnrin ti ń kọ́lé. Ó dáa. Ràfíátù, ohun tí o bá fọwọ́ ara rẹ ṣe, má gbé e lọ bá ẹnikẹ́ni kó bá ọ ṣàdúrà sí i. Ibi tó bá wà ni kí o dúró sí, kí o gbé ọwọ́ rẹ sókè fúnra rẹ. Ọlọ́run ń gbọ́ ohùn obìnrin. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi.