Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀gẹ́ Parí Ìjà Rẹ̀

Mo tò síbi ẹ̀rọ tí a fi ń lọ ẹ̀gẹ́ ní Omifunfun, ni mo gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń lọ ilé-ìwé gíga.

“Tí wọ́n bá lọ ọ́ tán, ká fi jáàkì fún omi rẹ̀, ká fi dín gàrí lónìí. Ọ̀la lo ń padà síléèwé. Ṣé ọwọ́ òfo lo fẹ́ gbé lọ ni?”

“Ẹ jẹ́ kó lo ọjọ́ méjì nínú àpò, Màmá. Oró ṣì wà nínú rẹ̀. Yàrá kéékèèké tí ojú ò lè rí ló kún inú ẹ̀gẹ́. Inú wọn ni oró ń gbé, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló sé e mọ́bẹ̀. Purotéènì tó lè fọ́ oró náà wà lẹ́yìn awọ, àmọ́ wọn kì í pàdé, àfi tí ẹ̀rọ bá fa awọ ya.”

“Bí ìyàwó àti ìyá ọkọ tí wọ́n mọ ògiri sí láàárín.”

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀rọ ló wó ògiri, ni ìjà bá dé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà á parí kí ẹ tó dáná.”

“Ìwọ tó fẹ́ jẹ ẹ́ lo ń dá mi dúró?”

“Torí èmi ni mo fẹ́ jẹ ẹ́ ni. Ẹ fi ránṣẹ́ sí mi láti gáréèjì Ore lọ́jọ́ Sátidé.”

Ìyá náà wo agbọ̀n rẹ̀ títí. “Ó dáa, kí wọ́n jà á parí.”

Ìyá mi náà máa ń fi òkúta tẹ ẹ̀gẹ́ fún ọjọ́ méjì, kò sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Àpò ẹ̀gẹ́ lílọ̀ kan wà nílé tí mo fẹ́ dín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mo délé, mo gbé òkúta kan sí i lé e, mo ní kó máa jà lọ.