Ilẹ̀kùn Tí Mo Ní Kí Ìyá Mi Má Fọwọ́ Kàn

Gbogbo ìgbà tí ìyá mi bá wúkọ́ nínú yàrá wọn, ọkàn mi á já. Ẹ má rò pé òtútù ló mú wọn o. Èmi ọmọ wọn, igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ́gbọ́n láti ọdún pípẹ́ wá, èmi ni mo fa ikọ́ náà. N kò tíì sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀yin ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún, kí ẹ fi tèmi kọ́gbọ́n.

Ṣé ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ pé kí èèyàn kọ́lé sí Èkó? Ọdún mẹ́rìndínlógún ni èmi àti ọkọ mi fi gbé ilé onílé ní Ẹ̀gbẹ́dá, yàrá méjì, balùwẹ̀ kan fún gbogbo ayálégbé. Nígbà tí Ọlọ́run wá bá wa ṣe é tí a kó lọ sí ilé tiwa ní Ìgàndó, mo ní ilẹ̀kùn iwájú mi kò ní bá ti ẹnikẹ́ni dọ́gba ládùúgbò. Mo ra èyí tó ń lo bátìrì, tó jẹ́ pé ìka lásán lèèyàn máa gbé lé e tàbí kó tẹ nọ́ńbà, yóò dún fíìn, yóò sì ṣí. Bí àlejò bá dé, n kì í jẹ́ kó wọlé tààrà. Mo máa ń tì í padà kí n lè tún un ṣí lójú rẹ̀. Ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi dùn, n kò ní purọ́ fún yín. Ọmọ àgbẹ̀ láti Èkìtì ni mí, ta ló rò pé irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ yóò mọ ìka mi?

Ọkùnrin tó wá fi í sí ẹnu ọ̀nà kó kọ́kọ́rọ́ irin méjì lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fi ọ̀kan sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán o. Ẹ má jẹ́ kí nǹkan olómi kàn án. Tó bá sì ti ń ké tí-tí-tí, bátìrì ló fẹ́ tán yẹn." Mo ní mo ti gbọ́. Mo kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì sábẹ́ sùtánà mi nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ìyá Ràfíù, aránṣọ tó ń gbé ilé tó kọjú sí tiwa, bi mí bóyá kí òun bá mi tọ́jú ọ̀kan, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe nílé onílé. Mo ní, "Ìyá Ràfíù, ilé tiwa ò lo kọ́kọ́rọ́ mọ́ jàre." Ó kàn ní, "Ó dáa o, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ò wọ ọjà." Ṣé mo gbọ́? Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pàápàá, mo ti ní kí bíríkìlà fi búlọ́ọ̀kù dí i nítorí olè.

Ìyá mi ti ń fi ọ̀pá rìn nígbà tí mo mú wọn wá láti Èkìtì. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, wọ́n nawọ́ sí ilẹ̀kùn, wọ́n fẹ́ lọ gba atẹ́gùn. Mo pariwo láti orí àga pé, "Màmá! Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan yẹn o, ẹ máa bà á jẹ́!" Wọ́n rọra fa ọwọ́ wọn sẹ́yìn. Bí wọ́n bá ti fẹ́ jáde láti ọjọ́ yẹn, wọn á pè mí.

Aládùúrà ni mí, n kì í sì í jẹ́ kí oṣù wọlé láìfi òróró àdúrà pa ẹnu ọ̀nà. Ibo ni ọ̀tá ń gbà wọlé, bí kò ṣe ẹnu ọ̀nà? Ibi tí mo ń gbé ìka lé gan-an ni mo máa ń da púpọ̀ sí. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í ké tí-tí-tí. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́: mo ní ogun ló ń kan ilẹ̀kùn mi! Mo ka sáàmù, mo fi òróró kún òróró. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì!

Ọ̀sán Sátidé kan, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́ ní Ìbàdàn, mo gbé ẹ̀wà kaná, mo sáré lọ ra ata. Màmá jókòó sí pálọ̀. Mo dúró sọ̀rọ̀ lọ́jà, mo pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí mo dé, mo gbé ìka lé ilẹ̀kùn, kò dún. Mo nù ún, mo tẹ nọ́ńbà, kò dá mi lóhùn. Èéfín ti ń yọ lójú fèrèsé ilé ìdáná. Gbogbo fèrèsé ló ní irin. Kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà nínú ilé. Mo figbe ta, Ìyá Ràfíù sì sáré dé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn.

"Ṣé kò ṣeé ṣí látinú ni?"

"Ó ṣeé ṣí, wọ́n kàn máa fa ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀ ni. Màmá ni ò mọ̀ ọ́n."

"Ṣé ẹ fi hàn wọ́n tí wọn ò mọ̀ ọ́n ni?"

Ìyá Ràfíù ti dé ojú fèrèsé pálọ̀, ó ń pe ìyá mi pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn. Mo gbọ́ ohùn wọn láàárín ikọ́: "Ọmọ mi ní n kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án."

Háà! Mo di irin fèrèsé mú, mo ń ké bí ọmọdé. "Màmá, ẹ fọwọ́ kàn án! Ẹ fà á wálẹ̀! Ẹ bà á jẹ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bà á jẹ́!"

Wọ́n fi ọ̀pá tọ ilẹ̀ dé ìdí ilẹ̀kùn, wọ́n sì ṣí i. Ọjọ́ mẹ́ta la lò ní ọsibítù nítorí èéfín tí Màmá fà símú. Nígbà tí ọkùnrin tó fi ilẹ̀kùn sí i wá tú u, òróró ti rin gbogbo bátìrì. Ó wò mí, èmi náà ń wo òrùlé.

N kò yọ ilẹ̀kùn náà o. Ó ṣì dára, ó ṣì ń wú mi lórí. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́ búlọ́ọ̀kù ẹ̀yìn, mo fi ilẹ̀kùn síbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ Ìyá Ràfíù, èmi ni mo sì gbé e lọ bá a. Ẹ̀yin tí ẹ bá ra irú rẹ̀, ẹ fi han gbogbo ẹni tó wà nínú ilé bí wọ́n ṣe ń ṣí i, pàápàá ẹni tí ẹ rò pé kò lè mọ̀ ọ́n.

A gbìyànjú láti fi ìka Màmá sí i. Kò ka ìka wọn. Iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ bíbó tí wọ́n fi rán mi nílé-ìwé ti pa gbogbo ìlà orí ìka wọn rẹ́. Mo fẹ́ sunkún, àmọ́ wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n mú kọ́kọ́rọ́ kejì wá. Okùn ni wọ́n fi so ó kọ́rùn. Báyìí, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n kì í gbé ìka lé nǹkan kan. Mo máa ń kan ilẹ̀kùn. Wọn á wò mí lójú fèrèsé, wọn á rí mi kedere, wọn á sì tún béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Èmi náà á fi ohùn òkè dáhùn, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́: "Èmi ni, Màmá. Ọmọ yín ni."